Nígbà Tí Adé Oòrùn Bá Ń Jó

Láti Adó-Èkìtì níbí ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ kòrónà la fẹ́ sọ lónìí. Ẹ má sáré wá ìbòmú o! Kòrónà oòrùn ni mò ń wí, kì í ṣe àrùn.

Ọmọdé ni mí ní March 29, 2006, nígbà tí òṣùpá bo oòrùn. Ní Adó, apá kan ló bò, ilẹ̀ kàn ṣú díẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ní Accra, ó bò ó pátápátá. Ìmọ́lẹ̀ funfun kan wá yí òṣùpá dúdú náà ká bí adé. Adé yẹn ni kòrónà. Ojoojúmọ́ ló wà níbẹ̀; ìtànṣán oòrùn ni kì í jẹ́ ká rí i.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ta kókó nìyí. Ojú oòrùn gbóná tó nǹkan bí 5,500 lórí ìwọ̀n Celsius, àmọ́ kòrónà tó wà lókè rẹ̀ gbóná ju mílíọ̀nù kan lọ. Bí èèyàn bá kúrò nídìí ààrò, ṣebí ooru máa ń dín kù ni? Kí ló dé tí ti oòrùn fi yàtọ̀? Àwọn onímọ̀ ṣì ń wá ìdáhùn.

Ọ̀kan lára ibi tí wọ́n ń wò ni bí kòrónà ṣe ń mì. Agbára mágínẹ́ẹ̀tì máa ń kó gáàsì gbígbóná ibẹ̀ jọ, á tẹ̀ ẹ́ bí ọrun ọdẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì á wà lójú oòrùn. Ní July 14, 1998, nǹkan bú gbàmù lójú oòrùn, sátẹ́láìtì TRACE ti Amẹ́ríkà sì rí i bí àwọn ọrun náà ṣe ń fì sọ́tùn-ún sósì. Ìfì kan ń gba ìṣẹ́jú mẹ́rin àti díẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rọlẹ̀.

Ọrun kan kì í sì í sábà dá wà. Fọ́nrán tín-tìn-tín púpọ̀ ló para pọ̀ di ọ̀kan. Ẹ wo ọṣán ìlù dùndún: bí onílù bá fún díẹ̀ nínú wọn, gbogbo awọ ló máa gbọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni fọ́nrán kan bá fì, á ti gáàsì tó wà láàárín, gáàsì yẹn á ti fọ́nrán kejì, títí gbogbo wọn á fi máa jó pọ̀.

Kí ló kàn wá ńbẹ̀? Bí onílù ṣe ń fi ohùn mọ bí awọ ṣe le tó, bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ń fi ìfì yìí mọ bí mágínẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ ṣe lágbára tó. Bí wọ́n bá ka ijó agbo sí ijó ẹnì kan, ìṣirò lè ṣì wọ́n lọ́wọ́. Agbára mágínẹ́ẹ̀tì yẹn náà ló ń fa ìjì oòrùn. Ní May 2024, irú ìjì bẹ́ẹ̀ da GPS àwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà rú lásìkò ọ̀gbìn. GPS yẹn náà ni ọlọ́kadà tó ń gbé oúnjẹ lọ sí Baṣírì fi ń wá ilé oníbàárà.

Ní August 2, 2027, òṣùpá yóò tún bo apá kan oòrùn lójú wa níbí. Ẹ má fi ojú lásán wò ó o. Ó dìgbà kan ná!