Bí A Ti Í Ṣírò Agbára Oògùn Kòkó

Nígbà tí òjò bá ń rọ̀ léraléra, tí ọ̀rinrin sì gba oko kan, èso kòkó a máa yọ àmì dúdú kan lára. Àmì náà a sì máa tàn kálẹ̀ títí odidi èso yóò fi rà. Àrùn yìí kò ṣàjèjì sí àwọn àgbẹ̀ kòkó abúlé Ìbàdàn, láti Ẹ̀gbẹ́dá àti Lágelú títí dé Akínyẹlé àti Ọ̀nà-Àrà. Ohun kékeré kan tí ojú lásán kò lè rí, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Phytophthora, ni ó ń fà á. Omi òjò a sì máa gbé e láti ara èso kan dé ara èkejì.

Oògùn kan tí a ti ń fi dí àrùn yìí lọ́nà láti ìgbà pípẹ́ ni àdàlù Bordeaux. Ilẹ̀ Faransé ni ó ti wá. Àwọn olóko àjàrà níbẹ̀ a máa wọ́n ọn sára igi tí ó wà lẹ́bàá ọ̀nà, kí àwọn èrò má baà jí èso wọn ká. Ọ̀jọ̀gbọ́n Millardet ṣàkíyèsí pé àrùn kò mú àwọn igi wọ̀nyí bí ó ti mú àwọn yòókù, ó sì kéde rẹ̀ ní 1885. Ohun méjì ni a fi ń ṣe é: kọ́pà sọ́fétì, tí ó dàbí òkúta wẹ́wẹ́ aláwọ̀ aró, àti láìmù, tí ó jẹ́ ìyẹ̀fun funfun. Kí àgbẹ̀ má ṣe fi ẹfun ọjà dípò láìmù, nítorí wọn kì í ṣe ohun kan náà.

Ohun tí ó ń sọ iṣẹ́ ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ di asán ni pé ojú ni wọ́n fi ń wọn oògùn. Agbára oògùn kò sí nínú bí àwọ̀ rẹ̀ ti dúdú tó, bí kò ṣe nínú iye oògùn tí ó wà nínú iye omi. Lítà omi 1 wọn 1,000 gíráàmù. Bí a bá ń fẹ́ oògùn 1 nínú 100, a ó pín 1,000 sí ọ̀nà 100, a ó sì rí 10. Nítorí náà, lítà omi kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ kọ́pà sọ́fétì 10 gíráàmù àti láìmù 10 gíráàmù. Lítà 10 ń fẹ́ 100 gíráàmù lọ́kọ̀ọ̀kan. Pọ́ǹpù oní-lítà 15 ń fẹ́ 150. Dúrọ́ọ̀mù oní-lítà 200 ń fẹ́ 2,000, èyí tí í ṣe kílò 2. Òṣùwọ̀n ni kí a fi wọ̀n wọ́n, kì í ṣe agolo, nítorí agolo láìmù kan kò wúwo tó agolo kọ́pà sọ́fétì kan.

Àgbẹ̀ tí ó bá da 100 gíráàmù sínú lítà 20, kí oògùn lè kárí oko rẹ̀, kò fi owó pamọ́. Oògùn rẹ̀ ti di 1 nínú 200, ìdajì agbára rẹ̀ ti lọ, èso yóò sì máa rà. Kí ó fi 100 gíráàmù kún ohun méjèèjì. Ẹni tí ó sì da 200 gíráàmù sínú lítà 10 ti ṣe é ní 2 nínú 100. Àṣejù, baba àṣetẹ́: oògùn tí ó le jù lè jó ewé, ó sì ń ná owó lásán. Kí ó fi omi lítà 10 kún un.

Báyìí ni a ti ń pò ó. Kí a yọ́ kọ́pà sọ́fétì nínú ìdajì omi náà, nínú ike tàbí ìkòkò amọ̀, kì í ṣe nínú irin, nítorí yóò jẹ irin. Kí a po láìmù nínú ìdajì kejì nínú ohun èlò mìíràn. Lẹ́yìn náà, kí a máa da omi kọ́pà díẹ̀díẹ̀ sínú omi láìmù, kí a sì máa rò ó. Kí a ti ọ̀bẹ tí ń dán bọ̀ ọ́: bí ọ̀bẹ náà bá pọ́n bíi bàbà, láìmù kò tó. Kí a fi aṣọ sẹ́ ẹ, kí a sì lò ó tán lọ́jọ́ náà.

Lóde òní ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ń ra oògùn tí a ti dì tẹ́lẹ̀. Ìṣirò kan náà ni. Bí ìwé ara rẹ̀ bá ní kí a da 50 gíráàmù sínú lítà 15, lítà 30 yóò gba 100. Kí a tẹ̀lé ìwé náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ aládùúgbò.

Májèlé ni oògùn wọ̀nyí. Kí àgbẹ̀ bo imú àti ọwọ́ rẹ̀. Kí ó má ṣe fọ pọ́ǹpù nínú odò tí a ń pọn mu. Kí ó má sì ṣe lo ike oògùn fún oúnjẹ láéláé.