Kí ẹ tó sanwó gáàsì, ẹ kọ́kọ́ wo fáànù inú ẹ̀rọ amúlétutù yín

Nígbà tí oòrùn bá mú gan-an ní ìlú Ọ̀fà, láàárín oṣù kejì sí oṣù kẹrin ọdún, oníbàárà kì í fẹ́ẹ́ dúró pẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù tó bá gbóná. Àwọn onídìrí, àwọn tó ń ta oògùn, àtàwọn tó ń tẹ iṣẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ Federal Polytechnic mọ̀ pé ẹ̀rọ amúlétutù kì í ṣe ohun afẹ́ mọ́, irinṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ náà kò bá mú ilé tutù mọ́, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ ni pé, "Gáàsì rẹ̀ ti tán." Wọ́n á pe oníṣẹ́, wọ́n á sanwó gáàsì, kò sì ní pẹ́ tí ooru á tún padà dé.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé gáàsì yìí kì í jó tán bíi bẹntiróòlù. Inú páìpù ló ń yí ká. Bó bá dínkù, á jẹ́ pé ó ń jò níbì kan, ó sì yẹ kí wọ́n wá ibẹ̀ rí, kí wọ́n dí i, kí wọ́n tó rọ òmíràn sí i. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í wò ni fáànù tó wà nínú apá ẹ̀rọ tí wọ́n gbé kọ́ ara ògiri inú ilé. Òun ló ń fa afẹ́fẹ́ gbígbóná wọlé, tó ń fẹ́ ẹ gba ara irin tútù kọjá, tó sì ń dá a padà fún yín ní tútù. Bí fáànù náà bá kọṣẹ́, bí gáàsì kún bámúbámú, ilé kò ní tutù.

Owó ńlá sì wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Lóṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC sọ owó iná àwọn tó wà ní Band A di náírà 225 lórí yúnítì kan, láti náírà 68, kó tó wálẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà. Ẹ jẹ́ ká fi náírà 200 ṣírò. Bí ẹ̀rọ kan bá ń jẹ wáàtì 750, tó ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́jọ láì sinmi, yúnítì mẹ́fà nìyẹn, ìyẹn náírà 1,200 lóòjọ́. Ní ọjọ́ iṣẹ́ 26, ó di náírà 31,200. Ẹ̀rọ tí fáànù rẹ̀ kò fẹ́ dáadáa kì í rí ààyè sinmi, nítorí ilé kì í tutù dé ibi tí ẹ fẹ́. Ẹ ó sanwó iná, ẹ ó sì tún máa làágùn.

Ibi tí kò ní ná yín ní kọ́bọ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo rìmóòtù. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ òde òní ló lè mú ilé tutù, tó sì lè mú un gbóná, bí wọ́n ṣe ń lò ó nílùú òtútù. Bí ọmọdé bá tẹ̀ ẹ́ sí àmì oòrùn, fáànù inú ilé á kọ́kọ́ dúró ná, lẹ́yìn náà ni yóò máa fẹ́ ooru. Ẹ dá a padà sí àmì yìnyín.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pa iná ẹ̀rọ náà pátápátá, kí ẹ yọ asẹ́ rẹ̀. Bí eruku ọyẹ́ bá ti dí i, ẹ fi omi fọ̀ ọ́, kí ẹ sá a síbi òjìji kó gbẹ. Lásìkò ọyẹ́, ó dára kí ẹ máa ṣe é ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Bí yìnyín bá ti bo irin inú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó yọ́ tán kí ẹ tó tàn án. Bí yìnyín náà bá tún padà lẹ́yìn tí asẹ́ ti mọ́, tí fáànù sì ń fẹ́ dáadáa, ìgbà náà ló tó fura sí gáàsì.

Ẹ tún wo iná. Vólìtì 230 ló yẹ kó wọlé. Bó bá wálẹ̀ jù, fáànù á máa yí bí ẹni tó ń sùn.

Bí fáànù bá ń kùn tí kò yí, iṣẹ́ oníṣẹ́ ni. Lẹ́yìn tó bá ti pa iná, yóò fọwọ́ yí i wò. Bó bá yí wẹ́rẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ kapásítọ̀, ohun kékeré tó ń ran fáànù lọ́wọ́ láti gbéra, ló ti kú. Bó bá le, bọ́ọ̀ṣì mọ́tò rẹ̀ ló gbẹ. Ẹ má fọwọ́ kan kapásítọ̀ fúnra yín, nítorí iná lè wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti pa ẹ̀rọ. Bó bá sì ń yí, tó ń gbọ̀n, tí atẹ́gùn rẹ̀ kò tó nǹkan, ìdọ̀tí ti di abẹ fáànù. Fífọ̀ ló fẹ́.

Igi gàǹgàràǹgan-án má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Bí oníṣẹ́ bá sọ pé kí ẹ ra gáàsì, ẹ ní kó fi ibi tó ti ń jò hàn yín. Bó bá ní mọ́tò ti kú, ẹ béèrè bóyá ó ti yẹ kapásítọ̀ wò. Ẹni tó mọṣẹ́ kò ní bínú sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.