Òjò Tí Ó Wọlẹ̀ Jìn

Ẹnikẹ́ni nínú yín tí ó bá ti gba Arámọkọ tàbí Ẹ̀fọ̀n Aláayè dé Ìkògòsì rí, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan ohun tí mo fẹ́ sọ. Nínú igbó tí ó wà láàárín àwọn òkè níbẹ̀, omi méjì ń sun jáde láti inú ilẹ̀. Ọ̀kan gbóná, èkejì tutù. Olúkúlùkù ń ṣàn ní ọ̀nà tirẹ̀ títí wọ́n fi pàdé. Àwọn tí ó wọn ooru èyí tí ó gbóná sọ pé ó tó ìwọ̀n 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius ní ojú ìsun rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá fi dé ibi tí òun àti omi tútù ti pàdé, ó ti lọ sílẹ̀ tó bí 37, èyí tí í ṣe ìwọ̀n ooru ara ènìyàn alálàáfíà.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ kó àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mi lọ síbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn bi mí pé, “Tíṣà, ta ní ń dáná sí i lábẹ́?” Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Kò sí ẹni tí ń dáná sí i. Omi òjò ni, irú èyí tí ń rọ̀ sórí páànù ilé wa. Ó rọ̀ sórí òkè, ó gba inú àpáta tí ó sán wọ ilẹ̀ lọ jìnnà gidigidi. Bí a bá sì ti ń lọ sísàlẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni inú ilẹ̀ ń gbóná tó. Lẹ́yìn ọjọ́ pípẹ́, ó tún gba ojú àpáta padà sókè. Ó lọ ní tútù, ó sì bọ̀ ní gbígbóná.

Wòlíì Aísáyà, ní orí 55 ìwé rẹ̀, fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run wé òjò tí ń ti ọ̀run wá láti mú ilẹ̀ rin àti láti mú irúgbìn hù. Mósè pẹ̀lú, ní orí 32 ìwé Deutarónómì, fi ẹ̀kọ́ rẹ̀ wé òjò àti ìrì. A ti ka ibẹ̀ títí ó fi mọ́ wa lẹ́nu. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: òjò tí ó rọ̀ sórí wa ní ọjọ́ Ìsinmi, níbo ni ó gbà? Ó ha wọlẹ̀ bí, tàbí ó ti ṣàn lọ kí ọjọ́ Ajé tó mọ́?

Àwọn kan nínú àwọn baba wa mọ òjò tí ó wọlẹ̀. Nígbà ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí a sì tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn rẹ̀ ní 1886, àti nínú àwọn ogun tí ó ṣáájú rẹ̀, a kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Èkìtì lẹ́rú. Nínú wọn ni a rí àwọn tí ó gbọ́ ìhìn rere ní ilẹ̀ tí a kó wọn lọ, tí wọ́n sì gbọ́ ọ ní èdè wa. Nítorí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther, tí a ti kó lẹ́rú rí ní kékeré, àti àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá. Odindi rẹ̀ pé ní 1884. Nígbà tí ogun parí, díẹ̀ nínú àwọn ọmọ wa wọ̀nyí padà wálé, wọ́n sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ náà fún ará Èkìtì. Ẹ wo bí òjò yìí ti wọlẹ̀ jìn tó! Ó dé inú oko ẹrú, ó dé inú ẹkún. Síbẹ̀ ó padà sí ilé wa ní gbígbóná.

Ní 1930, Joseph Ayo Babalola, ẹni tí ó ti ń wa ẹ̀rọ tí a fi ń tẹ ọ̀nà rí, bẹ̀rẹ̀ ìsọjí ní Iléṣà, ó sì gba ibẹ̀ wá sí Ẹ̀fọ̀n Aláayè. Èrò wọ́ tọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi kí ó lè gbàdúrà sí i. Ní Ẹ̀fọ̀n ni a sin ín sí nígbà tí ó kú ní 1959. Omi tí wọ́n gbé lọ sílé nígbà náà ti tán tipẹ́. Ohun tí ó kù ni ọ̀rọ̀ tí àwọn kan gbà sínú ọkàn ní ọjọ́ wọnnì, tí wọ́n sì fi kọ́ ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun tí ó ṣe èmi fúnra mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ kíláàsì ìrìbọmi nígbà tí ikú mú ọmọ wa obìnrin, ẹni ọdún mẹ́fà. Ní alẹ́ ọjọ́ náà àwọn ará ìjọ kún inú iyàrá wa, wọ́n ń retí kí tíṣà sọ̀rọ̀. Mo mọ orí tí ó yẹ kí n kà, mo mọ ẹsẹ rẹ̀. Mo ti fi dán àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wò nígbà púpọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo la ẹnu, ọ̀rọ̀ náà tutù ní ahọ́n mi, n kò sì lè parí rẹ̀.

Ìyá àgbà kan wà níbẹ̀, láti abúlé kan ní ọ̀nà Ìjerò. Kò mọ̀wé kà. Mo ti bá a wí rí nínú kíláàsì nítorí pé ìbẹ̀rẹ̀ Orin Dáfídì kẹtàlélógún nìkan ni ó lè kà lórí. Ó sún mọ́ ìyàwó mi, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì ń sọ ìwọ̀nba tí ó mọ̀ náà sí i létí, díẹ̀díẹ̀, léraléra. Ìyá yìí ti sin ọmọ mẹ́ta. Ìyàwó mi, tí kò tíì lè sunkún láti òwúrọ̀, bú sẹ́kún. Nígbà tí ó sì sunkún tán, ó sùn. Ẹ̀yin ará, ọgọ́rùn-ún ẹsẹ ni mo ní lórí. Ẹyọ kan ni ìyá náà ní, ṣùgbọ́n ó ti wọ̀ ọ́ dé ìsàlẹ̀ ọkàn, ó sì ti gbóná níbẹ̀.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ mọ bí ó ti rí. Ilẹ̀ tí a fi sílẹ̀ ní ìhòòhò fún oòrùn a máa le. Bí òjò bá rọ̀ sí i, omi a sáré lọ, a sì gbá ọ̀rá ilẹ̀ lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí a fi koríko àti ewé bò, tí a sì kọ ebè rẹ̀ dábùú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, a dá omi dúró títí yóò fi rin wọlẹ̀. Òjò kan náà ni. Ilẹ̀ ni ó yàtọ̀.

Nítorí náà, ní ọdún yìí, ẹ má ṣe sáré kàwé bí ẹni tí ń sá fún òjò. Ẹ mú ẹsẹ díẹ̀ ní òwúrọ̀, ẹ rù ú lọ sí oko àti sí ọjà, kí ẹ sì wá ẹnì kan tí ẹ ó fi ṣe oore fún kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má ṣe na ọmọ nítorí ẹsẹ tí ó gbàgbé. Ẹ bi í léèrè ohun tí ó yé e nínú èyí tí ó rántí. Bí ẹ bá sì ń pọn omi odò mu nínú ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ sì sè é títí yóò fi hó, nítorí ẹni tí ó fún wa ní omi ìyè kò sọ fún wa pé kí a mu omi àìsàn.

Omi Ìkògòsì pàápàá a máa tutù bí ó bá ti jìnnà sí ìsun rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwa náà. Obìnrin ará Samáríà inú ìwé Jòhánù orí 4 fi ìkòkò rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá kànga, ó sì sáré lọ pe ará ìlú rẹ̀. Kí Olúwa jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ wá jìn bẹ́ẹ̀, kí ó lè gbóná ní ẹnu wa ní ọjọ́ tí aládùúgbò wa yóò nílò rẹ̀. Àmín.