Ibi Tó Yẹ Kí Ọfà Wọ̀ Lára Àgbọ̀nrín

Ìbọn àti ọfà kì í pa ẹran bákan náà. Ọta ìbọn lè fọ́ eegun, kí agbára rẹ̀ sì gbé ẹran ṣubú lójú ẹsẹ̀. Ọfà kò ní irú agbára yẹn. Ẹnu rẹ̀ tó mú bí abẹ ló fi ń gé ẹran nínú, ẹ̀jẹ̀ á sì máa dà títí ẹran á fi kú. Àwọn ọdẹ wa láyé àtijọ́ máa ń fi oró sí ẹnu ọfà, kí oró lè parí ohun tí ọfà bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń fi ọfà ta àgbọ̀nrín onírù funfun ní Wisconsin, ní Amẹ́ríkà, níbi tí ìjọba ti ya àkókò sọ́tọ̀ fún ọlọ́fà láti 1934, kì í lo oró. Ibi tí ọfà bá wọ̀ nìkan ni wọ́n gbójú lé.

Àyà ni ibẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì ló gba inú rẹ̀ kan, ọkàn sì wà nísàlẹ̀ láàárín wọn. Gbogbo rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju àwo oúnjẹ kan lọ. Kí ọdẹ fi ojú tọ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ iwájú lọ sókè, kó pín gíga ara ẹran sí mẹ́ta láti abẹ́ ikùn dé orí ẹ̀yìn, kó sì fojú sun ibi tí ìdá kìíní parí sí. Bí ọfà bá yẹ̀ sókè díẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró ni yóò bá. Bó bá yẹ̀ sísàlẹ̀, ọkàn ni. Bó bá yẹ̀ síwájú jù, eegun èjìká lè dá a dúró. Èyí tó yẹ̀ sẹ́yìn ló burú jù: ẹ̀dọ̀, lẹ́yìn náà àpòlúkù àti ìfun, níbi tí ẹran ti ń jẹ̀rora fún ọ̀pọ̀ wákàtí.

Ó dára kí ẹran fi ẹ̀gbẹ́ sí ọdẹ. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni kó kẹ̀yìn díẹ̀ sí i, bí ẹni tó fẹ́ máa lọ. Nígbà náà èjìká kò sí lọ́nà mọ́. Ọdẹ á fojú sun ẹsẹ̀ iwájú tó wà lódìkejì, bí ẹni pé ibẹ̀ ni ọfà máa gbà jáde. Bí ẹran bá kọjú sí i gan-an, tàbí tó kọ ìdí sí i, kó má ta á. Ẹni tó wà lórí ègùn lórí igi pẹ̀lú gbọ́dọ̀ ní sùúrù: bí ẹran bá wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ tààrà, ẹ̀dọ̀fóró kan ṣoṣo ni ọfà lè bá, ẹran sì lè gbé ọgbẹ́ yẹn rin ọ̀nà jíjìn.

Etí ẹran tún wà ńbẹ̀. Ìró ń rin nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 1,100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọfà ọ̀pọ̀ ọrun òde òní ń rin bíi 280. Ìró okùn ọrun á ti dé etí àgbọ̀nrín kí ọfà tó dé ara rẹ̀. Ẹran kò ní fò sókè. Yóò kọ́kọ́ lọ sílẹ̀, yóò ká ẹsẹ̀ kó tó ta kìjí, ọfà tí wọ́n fojú sun àyà á sì gba orí ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Ní yáàdì 20, àkókò tó ní láti ṣe bẹ́ẹ̀ kéré. Ní 40, ó tó láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Àgbọ̀nrín tó na etí ró tó sì ranjú mọ́ ọdẹ kò ṣeé ta.

Lẹ́yìn náà ni kíka ẹ̀jẹ̀. Bó bá pupa fẹ́ẹ́rẹ́ lórí ewé tó sì ń hó bí omi ọṣẹ, afẹ́fẹ́ ẹ̀dọ̀fóró ló wà nínú rẹ̀. Ẹran náà kò lọ jìnnà, síbẹ̀ kí ọdẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bó bá pọ́n dúdú, ẹ̀dọ̀ ni: ó kéré tán, wákàtí mẹ́rin. Bí igi ọfà bá ń rùn, tí koríko jíjẹ lẹ̀ mọ́ ọn, ìfun tàbí àpòlúkù ni, wákàtí mẹ́jọ sí méjìlá ló gbà. Ìdúró yìí ló le jù nínú iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ẹran tó gbọgbẹ́ níbẹ̀ kì í fẹ́ rìn. Bí wọ́n bá lé e, á sáré gba inú igbó lọ láìro ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, ibi tó kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ sí ni wọ́n sábà máa ń bá a lówùúrọ̀.