Ìpolówó ń jẹ mégà wa: báwo ni ojú òpó ṣe lè pawó láì lé èrò lọ?

Tí ẹ bá ra mégà díẹ̀ ní Idigny, tí ẹ ṣí ojú òpó kan láti mọ ohun tí àwọn ọmọ Kétu tó wà ní Kútọnu, Èkó tàbí Faransé ń sọ, ìpolówó ọjà ló sábà máa ń kọ́kọ́ yọ sí yín. Fídíò ọṣẹ, fídíò tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, àwòrán obìnrin tó ní tíì kan ló fa ikùn òun wọlé. Kí ẹ tó rí ibi kékeré tí ẹ máa tẹ̀ láti pa á dé, mégà ti ń lọ.

Láìpẹ́ yìí ni mo jókòó sábẹ́ igi kan níbẹ̀, mo fẹ́ ka ọ̀rọ̀ kan tí kò ju ìlà mẹ́wàá lọ. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń lọ, ó ń bọ̀. Àwòrán ìpolówó mẹ́ta ló wọlé kí ọ̀rọ̀ tí mo wá wá tó dé. Mo pa á, n kò sì tíì padà síbẹ̀ títí di òní.

Ọ̀rọ̀ mégà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lọ́dọ̀ wa. Ní 2018, ìjọba orílẹ̀-èdè Benin pàṣẹ pé kí a máa san owó orí CFA 5 lórí mégà kọ̀ọ̀kan tí èèyàn bá lò lórí Facebook, WhatsApp àti irú wọn. Aráàlú fárígá, àwọn ọ̀dọ́ fi #TaxePasMesMo pariwo káàkiri ayélujára, nígbà tó sì di oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ìjọba fagi lé e. Ẹ jẹ́ ká fi owó orí yẹn ṣe ìṣirò: ìpolówó tó bá jẹ mégà 3 ìbá ti gba CFA 15 lọ́wọ́ yín kí ẹ tó ka ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Owó orí ti lọ, àmọ́ ìpolówó ṣì ń jẹ mégà, àpò ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ ló sì ti ń jáde.

Kí n má parọ́, àwọn tó ni ojú òpó náà lẹ́jọ́ láti rò. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń kó ọ̀rọ̀ pamọ́ sí kì í ṣe ọ̀fẹ́, bí èrò bá sì ṣe ń pọ̀ sí i ni owó rẹ̀ ń ga sí i. Ẹni tó ń yọ èébú, irọ́ àti jìbìtì kúrò níbẹ̀ lójoojúmọ́ náà yóò jẹun. Wọn ò lè ní kí aráàlú máa sanwó kó tó sọ̀rọ̀, nítorí náà oníṣòwò ló kù tí wọ́n máa nawọ́ sí. Èrò tó pé jọ síbẹ̀ sì ni oníṣòwò ń sanwó fún. Àwa la kọ ọ̀rọ̀, àwa la dáhùn, ọ̀fẹ́ la sì ṣe gbogbo rẹ̀. Bí a bá dìde, kí ni onílé fẹ́ tà?

Ohun tí Nairaland ṣe

Nàìjíríà kò jìnnà sí wa. Àárín Ìlárá tó wà lágbègbè wa níbí ni ààlà gbà kọjá. Níbẹ̀ ni àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa jù wà: Nairaland, tí Seun Osewa dá sílẹ̀ ní 2005.

Àwọn ọ̀dọ́ máa ń fi ojú òpó náà ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ti gbó. Ọ̀rọ̀ ló kún ibẹ̀, àwòrán kò pọ̀. Èmi gan-an ti rẹ́rìn-ín sí i rí, kó tó di pé mo ṣí i níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò ti dáa, tó sì ṣí. Àwòrán kékeré ni ìpolówó ibẹ̀, òkè àti ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń gbé e sí. Oníṣòwò ló máa yan abala tó fẹ́, iye ọjọ́ tó bá lò ló sì máa sanwó rẹ̀. Ẹni tó ń ta mọ́tò á lọ síbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ mọ́tò. Ìpolówó kì í dí ọ̀nà mọ́ ọ̀rọ̀, kì í sì í díbọ́n pé ọ̀rọ̀ lòun.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2014, àwọn ọ̀daràn ayélujára wọ inú ẹ̀rọ tí Nairaland ń lò, wọ́n sì pa ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́. Ẹ̀dà àtijọ́ ni wọ́n fi dá a padà lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ oṣù kò sí nínú rẹ̀, àwọn tó sì dara pọ̀ láàárín àkókò náà ní láti forúkọ sílẹ̀ lákọ̀tun. Síbẹ̀, èrò padà.

Ojú òpó Digg ní Amẹ́ríkà kò rí irú ojúrere bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, àwọn èèyàn á gbé ìròyìn wá, wọ́n á dìbò fún un, èyí tó bá níbò jù á bọ́ síwájú. Ní 2009 wọ́n dá ọgbọ́n kan tí mo fẹ́ràn gan-an: wọ́n ní kí èrò máa dìbò fún ìpolówó pẹ̀lú. Ìpolówó tí èèyàn bá fẹ́ràn, owó rẹ̀ á wálẹ̀. Èyí tí wọ́n bá kọ̀, owó rẹ̀ á máa ga títí apá oníṣòwò ò fi ní ká a mọ́. Oṣù kẹjọ 2010 ni wọ́n wá tún ojú òpó náà ṣe. Wọ́n yọ bọ́tìnnì tí èèyàn fi ń kọ ìròyìn, wọ́n sì jẹ́ kí àwọn iléeṣẹ́ ìròyìn ńlá máa da tiwọn síbẹ̀ fúnra wọn. Inú bí èrò. Ìròyìn láti Reddit, tó jẹ́ orogún Digg, ni wọ́n dà sí iwájú ilé Digg, lẹ́yìn náà ọ̀pọ̀ nínú wọn kó lọ sí Reddit. Ní 2012, nǹkan bí 500,000 dọ́là ni iléeṣẹ́ Betaworks fi ra orúkọ àti ojú òpó náà.

Wikipedia náà tọ́ díẹ̀ wò ní 2002, nígbà tó ṣì kéré. Wọ́n kàn mẹ́nu ba ìpolówó ni, tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kọ ọ́ ní èdè Sípéènì fi kó jáde lọ dá tiwọn sílẹ̀. Títí dòní, kò sí ìpolówó ọjà lórí Wikipedia. Ìtọrẹ ló ń gbé e ró.

Ká má tún sọ ọ́ bí ẹni pé èrò kì í gba ohunkóhun mọ́ra o. Ní 2023, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹgbẹ́ lórí Reddit tilẹ̀kùn fún ọjọ́ bíi mélòó kan, torí owó gọbọi tí Reddit bù lé àwọn áàpù tí kì í ṣe tirẹ̀. Reddit kò yẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ọ̀pọ̀ èrò sì wà níbẹ̀ síbẹ̀síbẹ̀.

WhatsApp tiwa ńkọ́?

Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ wa, ẹgbẹ́ WhatsApp ni ojú òpó ìlú. Àwọn tó dá WhatsApp sílẹ̀ ti búra tipẹ́ pé àwọn ò ní gba ìpolówó. Facebook rà á ní 2014. Ní oṣù kẹfà 2025, iléeṣẹ́ náà kéde pé ìpolówó ti ń bọ̀ síbi tí a ti ń wo Status. Wọ́n ní kò ní dé inú ọ̀rọ̀ àárín ẹni méjì tàbí inú ẹgbẹ́.

Nínú ẹgbẹ́ tí èmi wà, ìpolówó ti dé ṣáájú wọn, àwa fúnra wa la gbé e wá. Lọ́jọ́ kan, wọ́n kéde òkú ìyá àgbà kan. Kí àwọn èèyàn tó kí ẹbí tán, ẹnì kan ti ju fídíò tíì afákùn síbẹ̀. Bàbá kan tó máa ń fún wa ní ìròyìn oko kò sọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Àwọn mìíràn jáde láì dágbére.

Alábòójútó wa ní kí n bá òun kọ òfin. Mo kọ ọ́ ṣókí: Sátidé nìkan ni ìpolówó, àwòrán kan péré, kò sí fídíò, kẹ́ni tó ń polówó sì kọ "ọjà" sórí rẹ̀. Oníṣòwò méjì bínú jáde. Bàbá oníròyìn oko ti tún ń sọ̀rọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan tó ń ta fóònù ní òun á máa san CFA 2,000 lóṣù bí a bá lè jẹ́ kí òun polówó lójoojúmọ́. Owó yẹn tó láti fi máa ra mégà fún bàbá náà, torí àpò ara rẹ̀ ló fi ń fi ìròyìn ránṣẹ́ sí wa. Àwọn kan ní ká gbà á. Àwọn kan ní tí a bá gba tiẹ̀, kí la máa sọ fún ẹni kejì? A kò tíì dá a lóhùn.