Yìgì, Ìlù àti Àjàkálẹ̀ Àrùn



Ìwé ìpè ìgbéyàwó mẹ́ta ni ó wà níwájú mi bí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀rẹ̀ ni méjì ti wá, Odigbó ni ìkẹta ti wá, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí a kò fi lẹ́tà gàdàgbà kọ orúkọ olórin sí, nígbà tí orúkọ ààfáà tí yóò so yìgì kéré débi pé mo ní láti wá awò ojú mi kí n tó rí i kà. N kò bínú sí i, ọjọ́ ayọ̀ ni. Ohun tí ó mú mi gbé kálàmù ni ìbéèrè tí ìyá kan tí ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ní Ọ̀rẹ̀ bi mí nígbà tí ó mú ọ̀kan nínú àwọn ìwé náà wá. Ó ní, “Ààfáà, ọdún Kòrónà ni a ṣe ìyàwó fún àkọ́bí mi bí ẹni tí ń jí nǹkan gbé. Bí irú rẹ̀ bá tún dé lọ́la, kí ni kí á ṣe? Ṣé kí á dá ìyàwó dúró ni, àbí kí á tún ṣe é láìsí àlejò, láìsí ìlù?”

Ìbéèrè náà kì í ṣe ti òun nìkan. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ àrùn ṣeré, nítorí ibà Lassa tí àwọn dókítà ń bá jà ní Ọ̀wọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kò tíì fi wá sílẹ̀. Ẹni tí ó bá sì mọ Ọ̀rẹ̀ mọ̀ pé ìlú ìpàdé ọ̀nà ni. Ọkọ̀ tí ó ti Èkó ń lọ sí Benin gba ibẹ̀ kọjá, ibẹ̀ ni ọ̀nà Oǹdó àti Àkúrẹ́ ti já sí i. Nítorí ìpàdé ọ̀nà yìí ni ogun ọdún 1967 ṣe dé ibẹ̀, tí orúkọ ìjà Ọ̀rẹ̀ fi di àṣamọ̀ lẹ́nu àwọn àgbà. Ọ̀nà tí ó ń gbé ọjà wá fún wa, òun náà ni ó ń gbé àìsàn wá. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1918, ọkọ̀ ojú omi ni ó gbé ọ̀fìnkìn burúkú nì wọ Èkó, ọkọ̀ ojú irin sì gbé e dé Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn kí àwọn ènìyàn tó mọ ohun tí ó kọlù wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí á rán ara wa létí bí ọdún 2020 ti rí, nítorí ọmọ aráyé a máa tètè gbàgbé. Ọjọ́ 27 oṣù kejì ni wọ́n rí ẹni àkọ́kọ́ tí ó ní Kòrónà ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta, kónílé-ó-gbélé ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, Ògùn àti Àbújá. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin, ìjọba Oǹdó kéde pé ó ti dé ọ̀dọ̀ tiwa náà. Kí oṣù náà tó parí, Ààrẹ ìgbà náà, Muhammadu Buhari, pàṣẹ pé kí ọkọ̀ má ṣe kó èrò láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn mọ́, àti pé kí àpéjọ má ṣe ju ènìyàn 20 lọ. Àṣẹ ti ọkọ̀ yìí wà títí wọ oṣù keje. Ìgbìmọ̀ gíga fún ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn Islam ní Nàìjíríà, lábẹ́ Súlútáànù Sókótó, ní kí á kí ìrun ọdún ìtúnu ààwẹ̀ nínú ilé, a sì kí i nínú ilé. Ní Mẹ́kà pàápàá, nǹkan bí 1,000 ènìyàn péré tí ó ti wà ní ilẹ̀ Sáúdí tẹ́lẹ̀ ni wọ́n jẹ́ kí ó ṣe iṣẹ́ Háájì ọdún náà. Ní ọjọ́ 2 oṣù keje, Dókítà Wahab Adegbenro, Kọmíṣọ́nnà fún ètò ìlera ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ẹni tí ó ń darí ìjà wa pẹ̀lú àrùn náà, àrùn náà ni ó pa á. Kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Ẹni tí ó bá ń sọ pé irọ́ ni Kòrónà, kí ó lọ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Ní oṣù kẹfà ọdún náà ni mo so yìgì kan ní Ọ̀rẹ̀. Ọkọ ń ta pákó, ìyàwó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ níbẹ̀ kan náà. Ìjẹ̀bú-Òde ni bàbá ìyàwó wà, kò sì lè kọjá ẹnubodè. Àwọn kan ní kí á dúró. Mo bi wọ́n pé títí di ìgbà wo? Kò sí ẹni tí ó dá mi lóhùn. Ohun tí a kọ́ ní ilé-kéwú nínú ìwé Risala ni pé yìgì kò ju wálíyù, sàdáàkì àti ẹlẹ́rìí méjì tí wọ́n jẹ́ olóòótọ́ lọ, pẹ̀lú kí á fi í fún un kí òun náà sì gbà á. Sàdáàkì náà, ìdámẹ́rin dínárì wúrà ni ó kéré jù nínú ìlànà Màlíkì tí àwa ń tẹ̀lé. Kò sí kánópì níbẹ̀, kò sí aṣọ ẹbí, kò sì sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Bàbá ọmọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, gbogbo wa gbọ́ ohùn rẹ̀, ó yan àbúrò rẹ̀ tí ń gbé ní Odigbó ṣe aṣojú, èyí tí àwa ààfáà ń pè ní wàkílì. Àwa 11 ni a wà nínú pálọ̀. Ìyá àgbà ọkọ wà ní yàrá, ó ń gbọ́ wa láti ojú fèrèsé, nítorí a kọ̀ jálẹ̀ pé kí ó má jáde sí àárín wa. A ṣe ìlẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu kí atẹ́gùn lè fẹ́. Kò tó wákàtí kan tí a fi parí, yìgì náà sì so.

Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ ń sunkún. Mo rò pé ẹkún ayọ̀ ni, kì í ṣe òun. Ogún ọdún ni ó ti ń ra aṣọ ẹbí àwọn obìnrin ọjà, tí ó ń ná owó fún wọn, tí ó ń gbé abọ́ oúnjẹ lọ síbi ìnáwó wọn. Ìgbà tí ó kàn án ni ayé tì. Ẹ̀yin ọlọ́jà mọ ohun tí mo ń wí. Èyí ni àwa ààfáà kì í rí nígbà tí a bá ń wàásù pé kí ẹ dín ìnáwó kù. A rò pé fáàrí lásán ni, a kò mọ̀ pé bí èsúsú ni fún àwọn obìnrin, gbèsè tí olúkúlùkù jẹ ẹnì kejì ni, tí a ń san padà lójú agbo. Bí o bá mú agbo kúrò láìwá ọ̀nà mìíràn tí gbèsè yóò fi di sísan, ìyà ni o fi jẹ opó àti ẹni tí kò ní olùrànlọ́wọ́. Ohun tí a ṣe fún ìyá yìí nìyí: a mú ìwé kan, ọmọbìnrin rẹ̀ ń kọ orúkọ sí i, ẹni tí ó bá fẹ́ náwó sì ń fi í ránṣẹ́ sí báńkì tàbí fi í lé ọmọ náà lọ́wọ́ ní ẹnu ọ̀nà. A pa àgbò kan, a sè é, a bù ú sínú abọ́ onídèérí, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan sì gbé e kiri láti ilé dé ilé ní Ọ̀rẹ̀ àti Odigbó. Wàlímọ̀ ni ìyẹn. Àwọn tí wọ́n jẹ nínú rẹ̀ pọ̀ ju àwọn tí kánópì ìbá gbà lọ.

Ọ̀rọ̀ àgbò yìí mú mi rántí ẹnì kan nínú àwọn Sàábé Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a. Abdur-Rahman ọmọ Auf ni. Nígbà tí ó dé Mẹ̀dínà, ó fẹ́ obìnrin kan nínú àwọn ará ìlú náà. Ọjọ́ kan ni Ànábì rí àmì lọ́fínńdà pupa rúsúrúsú lára aṣọ rẹ̀, ó bi í pé kí ló dé, ó sì jẹ́wọ́ pé òun ti gbéyàwó, wúrà tí ó wọn tó kóró dàbínù ni òun fi ṣe sàdáàkì. Ànábì ṣe àdúà fún un, ó ní kí ó ṣe wàlímọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ẹran kan ṣoṣo. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọkàn bá mi lọ. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà Sàábé gbé ìyàwó nínú ìlú tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́run ń gbé, kò ránṣẹ́ pè é, kò sì sí ìbínú kankan. Lónìí, bí lèmọ́mù àdúgbò kò bá rí ìwé ìpè gbà, ìjà yóò wọ mọ́ṣáláṣí.

Ẹni kan náà, Abdur-Rahman, ni a tún bá nínú ọ̀rọ̀ àrùn. Ní nǹkan bí ọdún 639, Sayyidinà Umar ń lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù. Nígbà tí ó dé ibi tí wọ́n ń pè ní Sargh, wọ́n sọ fún un pé àjàkálẹ̀ àrùn wà níwájú. Àwọn kan ní kí ó máa lọ, àwọn kan ní kí ó padà. Ó pinnu láti padà. Abu Ubaidah, ọ̀gágun rẹ̀, bi í bóyá kádàrá Ọlọ́run ni ó ń sá fún. Umar dáhùn pé inú kádàrá Ọlọ́run kan ni òun ń kúrò bọ́ sí inú òmíràn. Ìgbà náà ni Abdur-Rahman dé, ó ní òun gbọ́ ọ lẹ́nu Ànábì pé kí ẹni tí ó wà lóde má ṣe wọ ìlú tí àrùn wà, kí ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ má sì ṣe sá jáde. Nítorí náà, ẹni tí a fi kọ́ wa ní wàlímọ̀ náà ni ó kọ́ wa ní kónílé-ó-gbélé. Ẹni tí ó bá gba èkíní lẹ́nu rẹ̀, kí ni yóò wí tí kò fi ní gba èkejì?

Ẹnì kan lè sọ pé ìyàwó kékeré kò lè pa ẹnikẹ́ni. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, wọ́n ṣe ìyàwó kan ní Millinocket, ní ìpínlẹ̀ Maine, ní Amẹ́ríkà. Àlejò 55 péré ni ó wá. Nígbà tí àwọn oníṣègùn ìjọba tọpa rẹ̀, wọ́n rí ènìyàn 177 tí àrùn tí ó ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mú, 7 nínú wọn kú. Àrùn náà dé ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ó tún dé ọgbà ẹ̀wọ̀n tí ó jìnnà tó 200 máìlì. Nínú àwọn 7 tí wọ́n kú, kò sí ẹyọ kan tí ó dé ibi ìyàwó náà. Wọn kò jẹ nínú ìrẹsì rẹ̀, wọn kò jó.

Ó kù ti ìlù. Àwọn kan nínú àwa ààfáà yóò ní bí àrùn bá ti bá wa lé ìlù lọ, kí ó máa lọ ní tirẹ̀. N kò sí lára wọn. Rubayyi, ọmọ Muawwidh, ròyìn pé ní òwúrọ̀ ìyàwó òun, Ànábì wọlé, ó jókòó, àwọn ọmọdébìnrin ń lu ìlù pẹlẹbẹ, wọ́n ń kọrin nípa àwọn bàbá wọn tí wọ́n kú ní ogun Bádírì. Kò lé wọn. Ohun kan ṣoṣo ni ó ní kí wọ́n má wí nínú orin náà, pé òun mọ ohun tí ọ̀la yóò mú wá. Fújì tí gbogbo ayé ń jó lónìí, inú wéré ni Síkírù Àyìndé Barrister ti gbé e jáde, wéré sì ni àwọn ọ̀dọ́ fi ń jí wa sí sààrì. Lẹ́nu àwọn obìnrin Mùsùlùmí ni wákà wà kí Batile Alake tó gbé e wọ inú àwo. Ilé wa ni orin wọ̀nyí ti wá, a kò sì lè sọ pé a kò mọ̀ wọ́n.

Ibi tí ọ̀ràn wà ni ẹ̀rọ gbohùngbohùn nínú gbọ̀ngàn tí a tì pa. Bí ariwo bá pọ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀ yóò fi ẹnu sí etí rẹ̀, yóò sì pariwo, itọ́ wíntìwíntì yóò sì máa jáde lẹ́nu gbogbo wọn. Orin kíkọ náà ń tú u jáde ju ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ lọ. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹta ọdún 2020, àwọn akọrin 61 pàdé ní Skagit, ní ìpínlẹ̀ Washington, ní Amẹ́ríkà, láti kọ́ orin. Ara ẹnì kan kò yá nínú wọn. Àìsàn mú 52 mìíràn, 2 kú. Ti wa tún ní owó níná nínú, tí náírà kan náà ń ti ọwọ́ bọ́ sí iwájú orí, láti iwájú orí bọ́ sílẹ̀, láti ilẹ̀ padà sí ọwọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, ilé ẹjọ́ kan ní Èkó ní kí gbajúmọ̀ òṣèré Funke Akindele àti ọkọ rẹ̀ ìgbà náà san 100,000 náírà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì fi ọjọ́ 14 ṣiṣẹ́ ìlú, nítorí pé wọ́n kó èrò jọ sí òde ọjọ́ ìbí nínú ilé wọn.

Bí irú ìgbà bẹ́ẹ̀ bá tún dé, ìgbàgbọ́ mi ni pé báńdìrì méjì àti obìnrin oníwákà kan tí ó jókòó ní ọ̀nà jíjìn lábẹ́ igi, ní ọ̀sán, láìsí ẹ̀rọ, tó láti jẹ́ kí àdúgbò mọ̀ pé ìyàwó ń wọlé. Kí á kéde ìyàwó ni Ṣẹ̀ríà fẹ́. Bí ó bá sì jẹ́ àrùn tí ń gba inú oúnjẹ àti omi wọlé ni, ẹjọ́ náà yàtọ̀: ìdí ìkòkò àti ìdí omi ni kí á ti máa ṣọ́, kì í ṣe ìdí ìlù.

Ọ̀rọ̀ àsansílẹ̀ ni ìyàwó ọdún 2020 yẹn fi dá ìjà sílẹ̀. Wọ́n ti san 60,000 náírà fún olórin kan kí àṣẹ ìjọba tó dé. Olórin ní òun kò dá iṣẹ́ dúró, ìjọba ni. Ìdílé ní àwọn kò gbọ́ orin. Àwọn méjèèjì wá bá mi. Nínú ìlànà Màlíkì, a kò fi ọwọ́ sí àsansílẹ̀ tí ẹni tí ó gbà á yóò jẹ mọ́lẹ̀ lásán bí òwò bá bàjẹ́. Ohun mìíràn tún wà nínú ìlànà náà tí ẹ̀yin tí ń ra èso lórí igi yẹ kí ẹ mọ̀: bí àjálù láti ọ̀run bá ba ìdámẹ́ta èso náà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jẹ́, iye ohun tí ó bàjẹ́ yóò kúrò nínú owó tí ẹni tí ó rà á yóò san, nítorí Ànábì bi wá pé kí ni a óò fi gba owó arákùnrin wa láìsí ẹ̀tọ́. Mo fi orin wé èso. Ṣùgbọ́n olórin náà fi ìwé hàn mí pé òun ti fi 20,000 ra awọ ìlù nítorí ọjọ́ náà, ó sì ní ọmọ mẹ́fà tí kò rí òde kankan lọ láti oṣù kẹta. Mo ní kí ìdílé fi 20,000 yẹn sílẹ̀ fún un. Ní ti 40,000 tí ó kù, kò ní in lọ́wọ́. A kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí pé kí ó fi iṣẹ́ san án. Ní ọdún 2021, nígbà tí ìyàwó bí ọmọkùnrin, ó mú àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rin wá sí àgbàlá láti òwúrọ̀ títí di ìrun Àìlá, ìyá ọkọ sì jó títí bàtà rẹ̀ fi já.