Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì Lókè Òkun: Ẹ Má Jẹ́ Kí Gbájúẹ̀ Kó Owó Àjọ Yín Lọ!

Ẹ̀yin ìyá wa tẹ́ ẹ ń pàtẹ ní Sángo, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ Ọ̀tà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Ọmọ ti jáde yunifásítì. Páálí tó gbà wà nínú àpótí, páálí ọjà ló ń rù ní kọ́ńpìnnì. Ni éjẹ́ńtì kan bá yọjú: “Wọ́n ń wá tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ní Kòríà. Ẹ ṣáà mówó wá!” Ìyá á kó àjọ, á tún yáwó kún un. Tó bá yá, fóònù éjẹ́ńtì ò ní lọ mọ́.

Ṣé irọ́ ni iṣẹ́ náà ni? Rárá o. Ìlú tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ láyé, wọ́n sì ń gba tíṣà. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ilẹ̀kùn ló ṣí fún ọmọ Nàìjíríà. Ẹ gbọ́ ti Kòríà yẹn. EPIK ni wọ́n ń pe ètò ìjọba wọn. Ọmọ orílẹ̀-èdè méje péré ni wọ́n ń gbà síbẹ̀: Amẹ́ríkà, Bìrìtéènì, Kánádà, Áílándì, Ọsirélíà, Niu Sílándì àti Gúúsù Áfíríkà. Nàìjíríà ò sí níbẹ̀, bí ọmọ yín tiẹ̀ ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bí omi. Ẹni tó bá ní òun á fi pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà mú un wọ EPIK, ẹ sá fún un!

Èwo ló wá ṣí? Èkíní ni Technical Aid Corps, TAC, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1987. Wọ́n máa ń rán tíṣà, dókítà àti nọ́ọ̀sì lọ sí àwọn ilẹ̀ Áfíríkà, Caribbean àti Pacific fún ọdún méjì. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sọ́rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ló ń bójú tó o.

Èkejì ò jìnnà rárá. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, ó wà nínú àpò ṣòkòtò. Títì tó gba Ọ̀tà kọjá yìí náà ni, ẹ gba Ọ̀wọdé, ẹ gba Ìdí-Ìrókò, ó di Àjàṣẹ́, ó di Kútọnu. Faransé ni ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ń lò, wọ́n sì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì nílé-ìwé girama wọn. Àwọn ọmọ wa ń ṣe tíṣà níbẹ̀, pàápàá nílé-ìwé aládàáni. Àdéhùn ECOWAS ti 1979 fàyè gba 90 ọjọ́ láìgba físà. Tó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ọmọ lọ gba ìwé ìgbélùú. Kó sì béèrè kó tó bẹ̀rẹ̀: ṣé oṣù ni wọ́n ń sanwó ni àbí wákàtí? Tó bá jẹ́ wákàtí, tí ilé-ìwé bá gba họlidé ńkọ́, kí ló fẹ́ jẹ?

Kó tó gbéra, kó ní NCE tàbí digirí, kó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ TRCN, ìgbìmọ̀ tí òfin 1993 gbé kalẹ̀ fáwọn tíṣà. Kó kọ́ Faransé díẹ̀ náà, nítorí yóò wúlò fún un ní Kútọnu.

Ẹ̀yin òbí, nǹkan mẹ́ta ni kẹ́ ẹ ṣọ́. Éjẹ́ńtì tó ń kó èèyàn lọ síṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ńsì látọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sọ́rọ̀ iṣẹ́. Ẹ ní kó mú un wá kẹ́ ẹ rí i. Ẹ gba orúkọ ilé-ìwé tó fẹ́ gbà á, kí ọmọ fúnra rẹ̀ bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ gba pásípọ́ọ̀tù ọmọ pa mọ́, ẹrú ló ń wá, kì í ṣe tíṣà. NAPTIP tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 2003 wà fún irú wọn; ẹ fẹjọ́ sùn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí: ẹni tó ń gbani síṣẹ́ ló ń sanwó. Ẹni tó ń gbowó lọ́wọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́, òun gan-an ló ti ríṣẹ́!